Ẹ ya ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ olórin, ẹ kú àbójútó. Ẹ béèrè bóyá kí ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ wà fún kìkì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ fọkàn tán: bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń sọ ọ́ gan-an.

Àríyànjiyàn lórí ìwà olórin yín kò sí lára rẹ̀ o. Ẹ fi sí gbangba, kí àwọn tuntun má baà rò pé ẹ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Lórí Discord, ìkànnì ìjíròrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè ṣí yàrá tí ẹni tí ẹ fún láṣẹ nìkan ń rí. Ìwà ni kí ẹ fi yàn wọ́n, kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ojú fóònù láti fi tú ọ̀rọ̀ yàrá náà síta ṣì máa yà á. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀.