Ọmọ ọdún 24 ni, ṣé mi ò ní í fọwọ́ sí i ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ọmọ mi, ẹni ọdún 24, ti ń retí kílíníìkì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yíyí jẹ́ńdà padà láti ọdún 4 sẹ́yìn. Wọ́n ti wá fẹ́ fún un ní họ́mọ̀nù obìnrin báyìí, ẹnikẹ́ni ò pe èmi ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀ níjọ́sí tí a sáré gbé lọ sí ọsibítù lóru, ò tíì gbọ́ rárá. Ṣé mo lè kọ̀wé sí wọn kí wọ́n dáwọ́ dúró? — Ìyá kan, Peckham, London.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin lẹ bí. “Ọmọ mi” lẹ ṣáà ń pè é. Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ.

Rárá, ẹ ò lè dá a dúró. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, obìnrin á máa jẹ̀rora lórí bẹ́ẹ̀dì, a ó máa retí ọkọ rẹ̀ láti Ṣakí kó wá fọwọ́ síwèé. Ní Ìlú Ọba níbí, àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ń fọwọ́ sí ti ara rẹ̀.

Àmọ́ oníbodè wà níbí náà o. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní kí ènìyàn má dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ kó tó rí ìtọ́jú. Ẹ wo ọdún 4. Tó bá wá débẹ̀, ìbéèrè ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo tọ́jú kí n tó fẹ̀yìn tì sọ fún mi pé ńṣe lòun kọ́ ìdáhùn sórí bí ẹni ń lọ kọ WAEC. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá béèrè ewu oògùn, wọ́n á ní kò dá òun lójú. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń bẹ oníbodè, ṣé ó máa bi í pé kí ló wà níwájú? Ní Amẹ́ríkà, àwọn kílíníìkì kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á ṣàlàyé ewu fún àgbàlagbà, á fọwọ́ sí i, á gba oògùn, láìsí lẹ́tà dókítà ọpọlọ. Tèmi ni pé ìyẹn sàn jù, bí àlàyé ọ̀hún bá jẹ́ àlàyé lóòótọ́. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbí dá ẹjọ́ Montgomery, aboyún alátọ̀gbẹ tí dókítà ò sọ fún pé èjìká ọmọ lè há: ewu tó bá lè kan aláìsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé ọmọ mọ̀? Oestrogen, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin náà, lè mú ẹ̀jẹ̀ dì, oníhóró sì léwu ju èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara lọ. Ọmọ ni kí ẹ pè, kì í ṣe ọsibítù, kó lè sọ ọ́ fún dókítà. Ọmú tó bá ti yọ kì í wọlé mọ́, àtọ̀ sì lè bàjẹ́ pátápátá. Kó béèrè bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. (Ẹ má fi ti ọmọ-ọmọ bọ̀ ọ́ o!)

Ti bàbá, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, ẹ rọra bi bàbá bóyá àwọn àbúrò rẹ̀ náà ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì rí.