Mo Ki DVD Windows Bọ̀ Ọ́, Kọ̀ǹpútà Mi Ò Dá Mi Lóhùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òṣogbo tí mo ti ń bá èèyàn tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Kọ̀ǹpútà HP orí tábìlì tí mo ń lò ti ń dákú dájí láti bí oṣù kan. Ní báyìí, tí mo bá tàn án, àmì Windows á yọ, òòyì á máa yí lábẹ́ rẹ̀, kò ní kọjá ibẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ní ká tún Windows gbé sí i. Ó da Windows 10 sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ sórí DVD fún mi. Mo ki DVD bọ̀ ọ́, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, òòyì yẹn náà ló ń yí. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní ibi tí DVD ń wọ̀ ti bàjẹ́, pé kí n wá owó tí màá fi ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá fi okùn so ẹ̀rọ DVD yìí kan náà mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, tí mo sì ki DVD fíìmù bọ̀ ọ́, ó ń ṣeré dáadáa. Gbogbo iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, títí kan prójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ UNIOSUN tí wọn kò tíì wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Nínú lẹ́tà yín lẹ ti gba ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀: bó bá ń ka fíìmù, kò tíì kú. Lóòótọ́, ojú rẹ̀ lè ti ṣú díẹ̀, kó máa ka àwo tí wọ́n tẹ̀ nílé-iṣẹ́, kó má sì ka èyí tí a kọ nílé. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi ní Dùgbẹ̀, DVD yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò sì ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá.

Ẹ fi DVD náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ ṣí i. Bó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo gìrìwò lẹ bá níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso, ọwọ́ ti tẹ olè. Ọmọ yín kò ṣe iṣẹ́ burúkú o, ó kàn da fáìlì náà síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da orin àti fọ́tò ni. Fáìlì .iso, odidi àwo ni wọ́n dì sínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ tú u. Ẹni tí kò tú u dà bí ẹni tó gbé páálí Indomie sórí iná láìya á. DVD tó pé, fódà boot, efi àti sources lẹ máa bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú fáìlì bootmgr àti setup.exe.

Ẹ lè ní ṣebí Windows ṣáà wà lórí àwo náà. Ó wà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í tú inú àwo wò kiri nígbà tó bá ń jí. Láti 1995, tí Phoenix àti IBM ti gbé ìlànà kan tí wọ́n pè ní El Torito jáde, ojú kan pàtó ló máa ń wò lórí CD àti DVD, ìyẹn sẹ́ktọ̀ 17 (sẹ́ktọ̀ ni ègé kéékèèké tí wọ́n pín àwo sí). Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà fún un gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá bá a níbẹ̀, kò ní pariwo, kò ní sọ fún yín pé nǹkan kù. Á kọjá sórí háàdì dísíìkì, òòyì tí ẹ ti mọ̀ náà lẹ máa rí.

Kí ọmọ yín padà sídìí .iso náà, kó fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kó yan Burn disc image. Kó sì kọ́kọ́ wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, torí DVD tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò gbà ju 4.7GB lọ, àwọn ISO Windows 10 kan sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi ni pé kí ẹ fi DVD sílẹ̀, kí ẹ ra fúláàṣì 8GB, kí ọmọ yín fi irinṣẹ́ Microsoft tó ń jẹ́ Media Creation Tool kọ Windows sí i. Fúláàṣì yá jù, kò sì bẹ̀rù eruku. Kí ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò o, yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Bí àwo tàbí fúláàṣì bá ti pé, ó ku títan kọ̀ǹpútà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Esc léraléra kí àmì HP tó yọ, tí àkójọ bá jáde, ẹ tẹ F9. (Ẹ̀yin oní-Dell àti Lenovo, F12 ni tiyín.) Ẹ yan DVD, tàbí fúláàṣì bó bá jẹ́ òun lẹ lò. Ibi tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu jù lọ rèé: bó bá jẹ́ DVD, ìlà kan ṣoṣo á yọ lórí ojú dúdú, Press any key to boot from CD or DVD, pẹ̀lú àmì tín-tìn-tín tó ń gùn lọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń lò. Bí ẹ kò bá tẹ nǹkan kan, yóò gbà pé ẹ ò fẹ́, yóò lọ. Mo ti rí bàbá àgbà kan tó ká ọwọ́ gbera níwájú ojú dúdú yìí, tó ń dúró kí kọ̀ǹpútà ṣe tirẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, kíá! Bí kíbọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ aláìlókùn, ẹ yá ti olókùn, torí òmíràn kì í tètè jí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí DVD náà lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ, ọ̀kan lábẹ́ UEFI, èkejì lábẹ́ Legacy, ìyẹn ọ̀nà tuntun àti ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ń gbà jí. Ẹ yan èyí tó bá wù yín. Bí Windows bá wá sọ lẹ́yìn náà pé òun kò lè wọlé nítorí GPT tàbí MBR (ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín dísíìkì), ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ pa gbogbo dísíìkì rẹ́. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ yan ìkejì.

Ní ti prójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ UNIOSUN, òun ló jẹ mí lógún ju Windows lọ, torí kọ̀ǹpútà tó ti ń dákú láti oṣù kan, dísíìkì rẹ̀ ni mo ń fura sí. Tí ẹ bá fetí sí i tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pa á, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá dún, nígbà tí ojú Windows tó ń béèrè èdè bá yọ, ẹ tẹ Shift àti F10 pọ̀. Fèrèsé dúdú á ṣí. Ẹ kọ notepad, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Open, ẹ yí Text Documents padà sí All Files. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí dísíìkì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà C rẹ̀ lè ti di D. Ẹ wá fódà yín, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Copy, kí ẹ lọ Paste rẹ̀ sínú fúláàṣì mìíràn. Fèrèsé náà kì í ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ ìwé sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ibi ìfisípò, ẹ yan Custom, kí ẹ má ṣe tẹ Format. Windows á kó tàtijọ́ sínú fódà Windows.old.

Ẹ rántí pé láti 14 October 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun títún Windows 10 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í sì ní in. Fún títẹ ìwé lásán, 10 ṣì máa sìn yín, kí ẹ ṣáà ṣọ́ra fún fúláàṣì àwọn oníbàárà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo fi CD ṣíwájú nínú BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé), mo sì tẹ Save. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí wọ́n sì mú un dé, ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, aago náà sì ti padà sí 2009. — Adé, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Adé, bátìrì ni. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù, CR2032, 3V, ó tó owó ẹyọ. Yọ okùn iná kúrò pátápátá, rọra fi èékánná gbé e, kí o sì fi tuntun sí i, ojú tí a kọ + sí kó kọjú sókè. Tí o bá ti tàn án, aago ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, torí bí ọdún bá ṣì jẹ́ 2009, ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní ṣí fún ẹ.