Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Òkè poro rin, ìsàlẹ̀ gbẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbàdo ni mo gbìn sí ilẹ̀ hẹ́kítà kan lẹ́bàá odò, mo sì ń tú omi sínú poro. Òkè poro máa ń rin gbingbin, ìsàlẹ̀ á gbẹ. Àwọn kan ní kí n pa á tì, kí n ra páìpù tó ń kán omi sí ìdí irúgbìn. Ṣé kí n gbọ́ tiwọn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Bí orísun omi bá ga ju oko lọ, omi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láìsí ẹ̀rọ, láìsí epo. Ẹrẹ̀ tó lè dí ojú páìpù kì í dí poro, ewé kì í sì í tutù, èyí tó ń dín àrùn ewé kù.

Ibi tó ti burú ni pé ó ń jẹ omi. Nínú lítà 100 tí ẹ bá tú sóko, nǹkan bí 60 ló ń wúlò fún irúgbìn; páìpù yẹn lè mú un dé 90. Omi tó jìn ní mìlímítà 50 lórí hẹ́kítà kan jẹ́ lítà 500,000, ẹ ó sì tú bíi 830,000 kí ìyẹn tó dé gbòǹgbò.

Ní ti poro yín, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ń gba wákàtí 4 kí omi tó rì dé ibi tí ẹ fẹ́, ó yẹ kó ti dé ìparí poro ní wákàtí kan. Bí kò bá dé, ẹ gé poro kúrú, tàbí kí ẹ darí omi náà sí poro díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè lágbára. Ẹ wo ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú: sẹ̀ǹtímítà 5 sí 50 nínú mítà 100 ló dára. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, omi á máa wọ́ ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ilẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ibi tó bá ti le ni omi dé mọ.

Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sídìí àgbàdo mọ́jú, pàápàá kí àgbàdo náà tó ga dé orúnkún. Gbòǹgbò kì í rí atẹ́gùn, ajílẹ̀ á ṣàn lọ, ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. (Ìyẹn kò bá ìrẹsì wí.)

Ilẹ̀ oníyanrìn ni a ó ti gbà yín níyànjú láti ra páìpù, torí níbẹ̀ omi á ti rì kó tó rìn. Bí ẹ bá sì rí iyọ̀ funfun lórí ebè, ó lè jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń gòkè nìyẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tí yóò máa fà á jáde kí ẹ tó tún bomi rin ín.