Ẹ má ro abẹ́rẹ́ màálù sí ajá lẹ́nu: ìdáhùn nípa aràn ọkàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá wa ti pé ọmọ ọdún 4, ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ló máa ń sùn. Ọjọ́ mélòó kan báyìí ló ti ń wúkọ́, tó bá sáré díẹ̀ á dùbúlẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ti rù gan-an. Aládùúgbò wa ní aràn ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn, pé ẹ̀fọn ló kó o ràn án, ó ní kí n lọ ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa aràn màálù ní gáà, kí n ro díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ṣé kí n ṣe é? Ológbò wa ńkọ́, inú ilé lòun máa ń wà ní tiẹ̀. — Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ẹran o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ivermectin ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, òun náà ló wà nínú àwọn oògùn ajá kan lóòótọ́, àmọ́ ti màálù le jù, ẹ̀kán kan péré lè ti ju èyí tó yẹ ajá lọ. Tí ọmọ aràn bá sì ti kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, tí gbogbo wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà, ajá lè dá kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ti ẹ̀fọn tí aládùúgbò yín sọ, òótọ́ ni. Ẹ̀fọn á mu ẹ̀jẹ̀ ajá tó ti ní in, ọmọ aràn á dàgbà díẹ̀ nínú ẹ̀fọn ọ̀hún, tó bá wá jẹ ajá míì, ibẹ̀ ló máa gbà wọlé. Kí ajá bá ajá ṣeré ò lè kó o ràn án. Bí oṣù 6 sí 7 ló fi ń dàgbà, abo ẹ̀ lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, odindi rúlà ọmọ iléèwé nìyẹn o, inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé, ó sì lè lo ọdún 5 sí 7 níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ajá á wúkọ́!

Ṣùgbọ́n nǹkan míì náà lè fa ikọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, tí kò bá sí nítòsí, ẹ wọkọ̀ wá sí ilé ìwòsàn ẹran ti Unilorin níbí ní Ìlọrin. Tó bá jẹ́ aràn ọkàn, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ melarsomine, dókítà ló ń gún un, ajá ò sì gbọdọ̀ sáré fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí òkú aràn lè lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró.

Tí kò bá ní in, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà, oṣooṣù ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: oògùn yìí kì í lé ẹ̀fọn, àwọn ọmọ aràn tó ti wọlé láàárín oṣù tó kọjá ló ń pa kí wọ́n tó dàgbà. Ẹ bá fo oṣù méjì mẹ́ta, àwọn kan á ti bọ́. Ẹ má sì dá a dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fọn ò fi ibì kankan lọ nílẹ̀ wa. Ọmọ ajá náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 8.

Ológbò inú ilé náà ò yọ. Àbí ẹ̀fọn kì í wọlé yín ni? Aràn kan tàbí méjì ló sábà máa ń ní, àmọ́ ìyẹn tó láti da èémí ẹ̀ rú, ó lè máa bì, òmíì á kàn ṣubú lulẹ̀ kú. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa àgbà aràn tí a lè gún fún ológbò láìséwu, nítorí náà ìdènà ṣáá ni. Oògùn tiẹ̀ wà tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, selamectin. Ẹ má fi tajá ṣe é fún un rárá, torí permethrin tó wà nínú òmíì ń pa ológbò.

Ẹ la gọ́tà yẹn, ẹ da omi inú táyà àti garawa nù, kí ajá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kí ẹ tó gbéra lọ, ẹ so ó síbi tútù, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì bá a sáré.