Ó ń Ka Owó Lọ́jà, Ó ń Yadi ní Kíláàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò, ọdún kejì mi rèé. Ọmọ 52 ló wà lọ́wọ́ mi ní troisième, kíláàsì kẹrin sẹ́kọ́ńdírì, ìdánwò BEPC tí wọ́n fi ń parí ìpele àkọ́kọ́ sẹ́kọ́ńdírì sì ń bọ̀. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀, gbogbo wọn á dákẹ́ lọ gbári. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tí kò gbà ju 4 nínú 20 rí. Ọjọ́ tí mo bá a lọ́jà níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀wà, kí n tó ṣẹ́jú ló ti ṣírò owó tán. Mo fẹ́ máa ràn wọ́n lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú làálàá. Ìdí àtẹ ẹ̀wà yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí ìyá rẹ̀ dáadáa, ra ẹ̀wà, má sì dárúkọ máàkì rárá. Kí o kàn máa wo bí ọmọ náà ṣe ń ṣe é.

Èmi náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Oníbàárà ra abọ́ mẹ́ta, 450 fúráǹkì ni abọ́ kan, ó sì na 2000 sí i. Ọmọ náà kò yọ nǹkan kan kúrò nínú nǹkan kan. Ó fi 50 sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, ó ní, “Ó di 1400.” Ó fi 100 lé e, “Ó di 1500.” Ó ka 500 lé e, “Ó pé.” 650 ti wà lọ́wọ́ oníbàárà, ọmọ náà sì ti ń dá ẹlòmíràn lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ sí pátákó: 3x + 650 = 2000. Ó yadi bí ìṣe rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra sọ fún un pé, “x yìí, iye tí ẹ ń ta abọ́ ẹ̀wà kan ni.” Ó wò mí, ó wo pátákó, ó ní, “Àádọ́ta lé nírínwó ni, mà.” Yorùbá ló fi dáhùn. Mo ní kó wá fi Faransé kọ ọ̀nà tó gbà sí pátákó, ó sì kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá rò ó. Inú ìṣirò ni wọ́n dàgbà sí. Ẹni tó ń pe márùndínlógójì ti ń yọ 5 kúrò nínú 40 kó tó mọ àmì ìyọkúrò. Ọgọ́rin sì ni ogún mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí Faransé ṣe ń pè é ní quatre-vingts. Nígbà tí mo fi èyí han àwọn ọmọ mi, ariwo sọ!

Ní ọ̀sán tí kò bá sí kíláàsì, kó wọn sábẹ́ igi. Théorème de Thalès tó ń dẹ́rù bà wọ́n, òfin tí a fi ń ti ara onígun mẹ́ta kékeré mọ ìwọ̀n ńlá tó bá a jọra, ọ̀pá kan àti oòrùn ló ń fẹ́. Ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lóòró, kí mítà 1 rẹ̀ yọ sókè, kí wọ́n wọn òjìji rẹ̀. Bó bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, tí òjìji igi sì jẹ́ mítà 7,2 ní àkókò kan náà, bí ọ̀pá ṣe jẹ́ sí òjìji rẹ̀ ni igi jẹ́ sí tirẹ̀: igi yẹn ga ní mítà 12, láìsí ẹni tó gùn ún. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni kó di okùn ìwọ̀n mú o, kì í ṣe ìwọ. Gbé ọpọ́n ayò lọ pẹ̀lú: ihò 12, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ ibi tí ọmọ ayò rẹ̀ yóò parí sí kó tó gbé e, ó ti ń ṣírò.

Ìta gbangba ni kí gbogbo rẹ̀ ti wáyé, kí àwọn òbí mọ̀ sí i. Má pe ọmọbìnrin kankan wá sí yàrá rẹ láé, bó ti wù kí èrò rẹ mọ́ tó. Má sì gba owó. Ọmọ tí kò lówó ló nílò rẹ jù.

Ohun kan ń dùn mí títí dòní. Lọ́dún kẹta iṣẹ́ mi, mo ka máàkì ọmọkùnrin kan sókè, mo sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá mọ́. Nígbà tí mo rí i níkẹyìn, táyà ló ń lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ nu aṣọ, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ àwọn òbí rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ní kí o má dárúkọ máàkì lọ́jà, níwájú ìyá ọmọ àti àwọn oníbàárà rẹ̀.

Mú ike dání lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi, kí o sọ iye tí abọ́ ẹ̀wà kan ń lọ fún mi àti ọ̀nà tí ọmọ náà gbà ka ṣéńjì rẹ.