Ta ló máa sanwó kí ayé má sú ajá inú àgò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń yọ̀ǹda ara mi lópin ọ̀sẹ̀ ní ibùdó ajá ti ìjọba ìbílẹ̀ kan lẹ́bàá Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ajá bí ogójì ló wà níbẹ̀ tó ń retí ẹni tó máa gbà wọ́n tọ́. Oúnjẹ wà, dókítà ẹranko ń wá, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dalẹ́ inú àgò ni wọ́n wà. Wọ́n á máa gbó, àwọn mìíràn á máa yí po lójú kan bí òòyì. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n bá àwọn wá owó tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìmóríyá fún wọn, ìyẹn àwọn nǹkan tó máa fún ara àti ọpọlọ wọn níṣẹ́ ṣe. Èló ni kí n béèrè? Ọwọ́ ta ni kí n ti béèrè rẹ̀, kí ni kí n sì kọ sínú ìwé? Àwọn ará ilé mi ní ajá tó jẹun yó, kí ló tún ń wá.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé yín bẹ̀rẹ̀, torí ohun kan náà ni olówó máa bi yín. Ajá ọdẹ tó bá tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọgbó, imú, etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Ẹ wá mú irú ẹranko bẹ́ẹ̀, ẹ tì í mọ́ àgò oníwáyà, ẹ da oúnjẹ rẹ̀ sínú abọ́, ó sì jẹ ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kí ni kó fi ìyókù ọjọ́ náà ṣe? Á gbó, á yí po, á máa jẹ wáyà, tàbí kó kọjú sí ògiri. Ìwádìí kan tí Alexandra Protopopova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 fi hàn pé ajá tó ń fara nu ògiri, tàbí tó ń kẹ̀yìn sí ẹni tó dúró níwájú àgò rẹ̀, máa ń pẹ́ ní ibùdó ju àwọn yòókù lọ. Ìmóríyá wà lára ohun tó ń mú ajá kúrò nínú àgò, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe wà lára rẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yẹn ṣíwájú ìwé yín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ohun ìṣeré nìkan ni àwọn èèyàn máa ń tọrọ. Ohun ìṣeré ò wọ́n. Ọwọ́ tó máa kún un, tó máa pín in, tó máa kó o padà, tó sì máa fọ̀ ọ́, òun ló wọ́n. Níbi tí kò bá ti sí owó fún ọwọ́, kó tó di oṣù mẹ́ta, gbogbo rọ́bà tí wọ́n fi tọrẹ á ti wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun kan ṣoṣo: rọ́bà oníhò bíi KONG, tí wọ́n ń ki oúnjẹ sí nínú kí wọ́n tó gbé e sínú fíríísà. Ajá kan, ẹyọ kan lójúmọ́. Bí ogójì bá wà lọ́dọ̀ ajá, ogójì mìíràn á wà nínú fíríísà. Ẹ fi mẹ́wàá lé e fún èyí tó máa sọnù àti èyí tí wọ́n máa jẹ ya. Ó di 90. Ká ka ẹyọ kan sí $12, ó di $1,080. Fíríísà kan, $250. Oúnjẹ tí ẹ máa kì sí i, ká ní sẹ́ńtì ogún fún ajá kan lójúmọ́, ó di $2,920 lọ́dún. Iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Kíkún ẹyọ kan á gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ogójì á gba wákàtí kan. Pínpín á gba ogún ìṣẹ́jú. Kíkó padà àti fífọ̀ á gba ogójì ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì nìyẹn lójúmọ́, 730 lọ́dún. Bí wọ́n bá ń san $15 fún wákàtí kan, $10,950. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ $15,200, owó rọ́bà ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Ẹ wá pín $15,200 fún ajá ogójì àti fún ọjọ́ 365. Ó di $1.04 fún ajá kan lójúmọ́. Iye yìí ni kẹ́ ẹ máa pè létí olówó. Iye ọjà àdúgbò yín ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò èyí tí mo lò. Ọ̀nà ìṣirò yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú.

Bó bá jẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló máa ṣe lára wákàtí náà, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ibùdó fúnra rẹ̀ mú wá. Àjọ Independent Sector ló máa ń gbé iye tí wákàtí olùyọ̀ǹda tó jáde, $33.49 ni ti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ lé wọn nìkan lórí. Ní Sátidé wọ́n á pọ̀ bí eṣú, bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ò ní rí ẹnì kan. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ béèrè owó ẹnì kan tó ń ṣe wákàtí méjì yẹn lójoojúmọ́, kí àwọn yòókù wá máa kún un lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń kún rọ́bà náà rèé, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ẹ rẹ ààbọ̀ ife oúnjẹ ajá oníhóró sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà dí ihò kékeré, kí ẹ gbé rọ́bà náà dúró, ihò ńlá lókè, sínú páànù tí wọ́n fi ń yan kéèkì kéékèèké. Ẹ ki oúnjẹ rírẹ náà sí i, ẹ fi elégédé inú agolo tí wọn ò fi nǹkan kan sí bo ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sun inú fíríísà mọ́jú. Ẹ yọ ààbọ̀ ife yẹn kúrò nínú oúnjẹ ọjọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ajá á sanra jù. Ajá tí kò rí i rí, ẹ fún un ní èyí tí kò tíì dì. Bó bá le bí òkúta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á fi sílẹ̀, ẹ ó sì rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀pà lílọ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ara agolo rẹ̀ dáadáa: bí ẹ bá rí xylitol tàbí birch sugar níbẹ̀, ẹ jù ú nù, ó ń pa ajá. Oúnjẹ ọlọ́ràá á fa ìgbẹ́ gbuuru, àwọn tó ń fọ àgò ni wọ́n á sì kọ́kọ́ kórìíra ètò náà. Ajá méjì inú àgò kan, ẹ yà wọ́n kí ẹ tó fún wọn, kí wọ́n má bàa bá ara wọn jà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ rọ́bà náà mọ́, ẹ rì í sínú omi bílíìṣì, ààbọ̀ ife sí gálọ́ọ̀nù omi kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá ṣàn án. Ọṣẹ gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí ìdọ̀tí máa ń sọ bílíìṣì di omi lásán, àrùn parvo, ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ajá, á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Fún àwọn ajá tó wà ní yàrá àìsàn, páálí tí wọ́n ká oúnjẹ sí nínú ló dáa jù, nítorí ẹ lè sọ ọ́ nù.

Bó bá jẹ́ $300 péré lẹ kọ́kọ́ rí, ẹ má fi ra rọ́bà kankan. Ẹ ra ẹ̀wù ajá mẹ́wàá tí wọ́n kọ Adopt Me (Ẹ gbà mí tọ́) sí, pẹ̀lú okùn àti kọ́là mẹ́wàá tó ní nọ́ńbà fóònù ibùdó lára, kí ẹ jẹ́ káwọn ènìyàn máa mú ajá jáde fún wákàtí díẹ̀. Nínú ìwádìí tí Lisa Gunter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023 láti ibùdó 51 ní Amẹ́ríkà, àǹfààní kí wọ́n gba ajá tó jáde bẹ́ẹ̀ tọ́ fi ìlọ́po 5 ju ti àwọn tí kò jáde lọ; ti ajá tó lọ sùn nílé ẹnì kan fúngbà díẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 14. Mi ò mọ ohun mìíràn tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì lérè tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ń mú ajá jáde fọwọ́ sí i: okùn kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ mú un lọ síbi tí ajá pọ̀ sí, wọn ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò bó ti wù kí àkókò náà kéré mọ. Oòrùn Texas ń pa ajá inú mọ́tò láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kó tó fi ẹsẹ̀ kan títì, kí wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà. Bí ọwọ́ wọn ò bá lè gbà á fún ìṣẹ́jú àáyá méje, koríko ni kó máa rìn.

Eré àjùmọ̀ṣe láàárín àwọn ajá nínú ọgbà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ ká dédé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àjọ Dogs Playing for Life, tí Aimee Sadler dá sílẹ̀, máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Ẹ fi owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sínú ìwé ná, kí ẹ tó béèrè owó wáyà ọgbà.

Ó wá kan ibi tí owó ti máa wá, àti ibi tí ó máa wọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún yín ni pé ti ìjọba ni ibùdó yín. Bí ẹnì kan bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ìjọba ìbílẹ̀, ó lè wọnú àpò gbogbogbòò, kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bóyá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ibùdó kan wà tó ní ìwé 501(c)(3), ìyẹn ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í san owó orí. Bí kò bá sí, kí ìjọba fọwọ́ sí i nínú ìwé pé àpò ọ̀tọ̀ ni owó ìmóríyá máa wọ̀. Ẹ tún lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: fọ́ọ̀mù 1023-EZ wà fún ẹgbẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ní ju $50,000 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa fi fọ́ọ̀mù 990-N ránṣẹ́ sí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta léraléra, ìwé àṣẹ náà ti bọ́ nìyẹn.

Lára àwọn àjọ tó ń fún ibùdó ẹranko lówó ni Petco Love, PetSmart Charities, Maddie's Fund àti Grey Muzzle, tó jẹ́ ti ajá àgbà nìkan. Ẹ ka ìlànà ọdún tẹ́ ẹ wà yẹn kí ẹ tó kọ nǹkan kan, torí ohun tí wọ́n ń sanwó fún máa ń yí padà. Ní ìhà tiyín, North Texas Giving Day máa ń wáyé lóṣù September. Giving Tuesday, ọjọ́ ìtọrẹ tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Thanksgiving, náà wà. Ẹ tún bi àwọn olùyọ̀ǹda ibẹ̀ pé iléeṣẹ́ wo ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́; àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kan, Microsoft wà lára wọn, máa ń sanwó fún ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn bá lo wákàtí fún. Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín ní $250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà tó sọ iye náà àti bóyá ẹ fún un ní nǹkan kan padà. Owó tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ṣe ìmóríyá, ẹ má fi ra oògùn, bó ti wù kí oògùn náà jẹ́ kánjúkánjú tó. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ gbàṣẹ.

Nínú ìwé ìbéèrè, ẹ má ṣèlérí iye ajá tí wọ́n máa gbà tọ́. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣèlérí iye rọ́bà tó máa dé àgò lójúmọ́ àti iye ajá tó máa jáde lọ́sẹ̀. Fún èsì, ẹ ka iye ọjọ́ tí ajá ń lò ní ibùdó: ẹ to gbogbo wọn láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ mú ti àárín. Bí ẹ bá fi ìpíndọ́gba ṣe é, ajá kan tó lo ọjọ́ 400 á ba ìṣirò jẹ́.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹ máa fi wé e. Fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí owó tó dé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹnì kan rọra rìn kọjá níwájú àgò kọ̀ọ̀kan, kó sàmì sí ọ̀kan nínú mẹ́ta: ajá wà níwájú, ara rẹ̀ sì balẹ̀; ó ń gbó tàbí ó ń fò; ó ń yí po tàbí ó kẹ̀yìn sí ènìyàn. Bébà kan àti bírò ni wọ́n nílò, a sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan.