Àpótí tuntun fún sextant bàbá mi: báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀fà ni mo wà. Bàbá mi tó di olóògbé fi sextant kan sílẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí oòrùn àti ìràwọ̀ ṣe ga tó nígbà tí wọ́n ń wa ọkọ̀ òkun. Ikán ti jẹ ìdí àpótí rẹ̀. Báwo ni àpótí tuntun ṣe máa tóbi tó, ibo ni kí n sì máa gbé e sí?

Ìdáhùn: Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí káfíńtà tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ṣí ìdérí àpótí àtijọ́ yẹn, kí ẹ wo inú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lẹ ìwé àyẹ̀wò mọ́ ibẹ̀, tó ní nọ́ńbà sextant náà àti ìwọ̀n àṣìṣe tiẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ìdérí yẹn nù. Kó kan àpótí tuntun sábẹ́ rẹ̀.

Sextant onírin sábà máa ń wọ̀n tó kílò kan sí méjì. Àpótí tó fẹ̀ ní íǹṣì 11 tàbí 12 níhà gbogbo, tó ga tó íǹṣì 6, máa ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n tiyín ni kí káfíńtà gbé síwájú kó wọ̀n. Inú àpótí ló ṣe pàtàkì jù. Férémù nìkan ni kí àwọn pákó inú rẹ̀ dì mú. Kí ohunkóhun má tẹ dígí, kó má sì ti apá tó ń lọ tó ń bọ̀. Dígírì, ìyẹn ìwọ̀n igun, ni sextant fi ń wọn nǹkan. Ẹ pín dígírì kan sí ọ̀nà 60: bí sextant bá fi ẹyọ kan péré ṣì í wọ̀n, ibi tí ọkọ̀ wà á yẹ̀ ní máìlì òkun kan, ìyẹn mítà 1,852. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní wa ọkọ̀, ó wù mí kó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé e jáde, ọwọ́ òsì ni kó di férémù mú, kí ọ̀tún wá gbà á níbi ìdìmú.

Ìrókò tó gbẹ dáadáa ni kó lò. Kó má fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ o: fóòmù ń fa omi, bó bá sì pẹ́, á di ẹ̀tù, á lẹ̀ mọ́ irin. Aṣọ tó nípọn dára jù.

Nínú irinṣẹ́ awọnlẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní Ìlọrin, ọ̀rinrin òjò ló ń ba lẹ́ńsì jẹ́ jù. Èbu á mú un. Ẹ má fi nylon wé e, ó máa ń làágùn nínú rẹ̀. Ẹ fi àpò kékeré afàmi tó ń bá bàtà tuntun wá sínú àpótí, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Orí ṣẹ́ẹ́fù nínú yàrá ni kó wà, kó jìnnà sí ògiri tó ń mumi àti ooru abẹ́ páànù. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò kí ẹ tó nu dígí, torí iyanrìn ni eruku yẹn, á ha á. Ẹ má sì fi Brasso dan ibi tí ìlà àti nọ́ńbà wà. Yóò pa wọ́n rẹ́.

Bí etí dígí bá ti ń dúdú, ẹ má fọ̀ ọ́. Ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un tò ni kó ṣe é.